Ẹni Tí Ìyàwó Bá Nílé

Orúkọ ló kọ́kọ́ bí mi nínú ní Houston. Ooru kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo ti mọ ooru rí. Òtútù ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì náà, mo wọ súwẹ́tà dè é. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù kọjú sí bàbá olórí ewú, kó ní, "Wendell, wá wo èyí," kí bàbá náà sì dìde kó lọ wò ó! Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ojú ti èmi tí ọ̀rọ̀ ò kàn. Mo bojú wo ilẹ̀. Àwọn yòókù ń mu kọfí wọn lọ.

Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀. Mister Wendell ni mò ń pè é. Ó ní kí n yọ Mister yẹn kúrò, mo ní, "Yes, sir." Ó ní kí n yọ sir náà kúrò, mo tún ní, "Yes, sir." A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ iléeṣẹ́ wa ni kí omi òjò má wọ ilé onílé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òjò ò sì mọ ibi tó máa ṣàn gbà bí wọn ò bá fà á. Nítorí náà, wọ́n ri àwọn páǹpù ńláńlá mọ́ ẹ̀yìn àwọn ẹ̀sítéètì, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fà, kí wọ́n dúró. Èdè tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ń gbọ́, Mister Wendell ló ṣe é nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Dusty ló sọ ọ́. Orúkọ ajá rẹ̀ ni. Èmi tí mo kàwé títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ kà mí, ara orúkọ ajá òyìnbó ni mo ti wá ń jẹun.

Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí ni pé Dusty ti ń gbó. Wọ́n fẹ́ kí n fi ohun tí àwọn èdè òde òní ní kún un. Kọ́ńtíráàtì ni wọ́n sì fún mi. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, wọ́n á gbà mí wọlé pátápátá. Bí kò bá yọrí, ó dàbọ̀ nìyẹn, mi ò sì mọ ibi tí mo tún máa forí lé. Yàrá òkè nílé Kúnlé, àbúrò mi, ní Richmond lẹ́yìn ìlú, ni mò ń gbé.

Ara mi kì í balẹ̀ níbẹ̀. Ilé náà tóbi, ó mọ́ tónítóní, síbẹ̀ etí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń jókòó sí bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Bí mo bá ṣí fíríìjì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo máa ń tì í. Bí wọ́n bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, màá dìde, màá jókòó, màá tún dìde. Kúnlé á ní, "Sìsí, ṣé èèrà wà lórí àga yẹn ni?" Màá wọ bàtà, màá jáde lọ rìn. Kò sì sẹ́ni tó ń rìn ní àdúgbò yẹn àfi ẹni tó bá fa ajá lọ́wọ́. Obìnrin kan dá ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé ṣé mo sọnù ni. Mo ní rárá o, mò ń rìn lásán ni. Ó ní, "Lásán?" Ó wò mí títí, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibi páǹpù tó wà lẹ́yìn ẹ̀sítéètì ni mo máa ń rìn dé. Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà yí i ká, màá máa gbọ́ bó ṣe ń kùn. Dusty ló ń sọ nínú ibẹ̀. Ní gbogbo àdúgbò yẹn, òun nìkan ni mo gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa.

Tómi ni ìyàwó Kúnlé. Houston ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ wà ní Cinco Ranch nítòsí wa. Ó ń gbọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta láìwọ bàtà. Kò bá mi jà rí. Ohun kan ṣoṣo ni: orúkọ mi ló ń pè mí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, tí Kúnlé fúnra rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ pè, Tómi á dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, á pè é gbàgà, á ní oúnjẹ ti délẹ̀. Oúnjẹ ọ̀hún á korò lẹ́nu mi.

Màámi gbọ́ ọ lórí fóònù láti Ìkìrun.

"Ta ló ń pè ọ́ báyẹn?"

"Tómi ni, mà."

"Ìyàwó Kúnlé? Ó pè ọ́ lórúkọ? Nígbà tí mo wọlé bàbá yín, ọmọ ọwọ́ ni àbúrò rẹ̀ àbígbẹ̀yìn. Èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n, èmi ni mò ń fọ ìdí ẹ̀. Ọkọ mi ni mò ń pè é. Títí dòní olónìí, ẹnu mi ò gbé orúkọ ẹ̀."

"Màámi, Amẹ́ríkà nibí o."

"Ṣé Amẹ́ríkà ló bí ọ ni?"

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí nílé wa. Ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, àgbà rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí kò tíì heyín. Ìyàwó ò ní pe orúkọ rẹ̀. Á fún un ní orúkọ tirẹ̀, orúkọ ìkẹ́: Akọ̀wé, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó, Awẹ́lẹ́wà. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyàwó ilé wa láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó lè dùn mí tó báyìí pé n kò ní ọ̀kan. Mo bínú sí ara mi pé mò ń bínú. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Màámi yí ọ̀rọ̀ padà. "Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí o ṣe yẹn gan-an, kí ni?"

Mo ronú. Mo ní, "Ẹ rántí àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà wa? Bí iṣẹ́ ṣe wà báyìí, bí páǹpù bá pọ̀, ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ ohun kan náà sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán mọ búlọ́ọ̀kù. Mọ́ọ̀dù lèmi ń ṣe. A máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo irú nǹkan tí páǹpù jẹ́, ohun tó mọ̀ àti ohun tó lè ṣe, lẹ́yìn náà a ó kàn máa bu páǹpù jáde nínú mọ́ọ̀dù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á mọ omi tó wà níwájú tirẹ̀. Bí a bá wá fẹ́ èyí tó lágbára jù ú lọ, a ò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. A ó ní ọmọ ti àkọ́kọ́ ni, kó jogún ohun gbogbo tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ká fi díẹ̀ kún un."

Ó ní, "Ṣé búlọ́ọ̀kù lo wá lọ ń ṣe lókè òkun báyìí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, omi yẹn ò dá.

Iṣẹ́ náà parí, ó sì dára. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ purọ́. Mo kó gbogbo wọn jọ nínú ìpàdé, mo fi hàn wọ́n, àwọn ọmọdé inú ọ́fíìsì ń mi orí. Trevor, ọ̀gá wa, tí Kúnlé fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yíjú sí Mister Wendell. Bàbá yìí ló mọ gbogbo ètò àtijọ́ tó wà lára àwọn páǹpù. Bí òun ò bá ti gbà, kò sí ohun tuntun tó ń wọbẹ̀.

Bàbá ní, "Mi ò fẹ́ràn ẹ̀."

Trevor ní, "Kí lo ò fẹ́ràn nínú ẹ̀?"

"Mi ò kàn fẹ́ràn ẹ̀."

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Trevor ní kí n dáhùn, kí n gbèjà iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi dẹ́múdẹ́mú. Ṣùgbọ́n bàbá tó tó bí mi sọ̀rọ̀ ní gbangba, wọ́n ní kí n bá a jiyàn lójú àwọn ọmọ tí kò tó ọmọ rẹ̀! Mo wolẹ̀. Mo ní, "Mister Wendell ti sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn ìpàdé, Trevor pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò pariwo, wọn kì í pariwo. Ó ní ẹni tí kò bá lè gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, òun ò mọ bí òun ṣe fẹ́ gbèjà ẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa parí ọ̀rọ̀ náà, bí Wendell ò bá sì yí padà, wọ́n máa da iṣẹ́ náà nù, kọ́ńtíráàtì mi náà á sì parí síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wò ó, mo dúpẹ́!

Nígbà tí mo délé, mo rò ó fún Kúnlé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n rò ó tán.

"Sìsí, ẹ lọ bá bàbá yẹn nílé."

"Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn."

Tómi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Wait. Ẹ fẹ́ lọ sí ilé coworker? Láti lọ bẹ̀ ẹ́? Ẹ̀yin méjèèjì, you can't do that here! Wọ́n máa ní ẹ ń harass bàbá yẹn."

Kúnlé ní, "A kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àgbà sùn síta. Ilé ni wọ́n ti ń parí ẹ̀."

Ṣùgbọ́n Kúnlé ní iṣẹ́ ní ọsibítù lọ́jọ́ Sátidé, bàbá náà sì ń gbé ní Humble, lódìkejì ìlú pátápátá. Èmi ò tíì láyà láti wa ọkọ̀ lórí freeway. Tómi pòṣé, ìpòṣé gidi tó jọ ti ìyá rẹ̀, ó ní òun á gbé mi lọ, bí mo bá ti lè kọ́kọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ gba àyè. Mo fi í ránṣẹ́. Bàbá dáhùn pé kí a máa bọ̀.

Mo ra iṣu ńlá méjì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa. Tómi ní, "Iṣu? Kí ló fẹ́ fi iṣu ṣe?" Mo ní ta ló ń lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfìfo. Ó mi orí títí a fi dé Humble.

Mister Wendell ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Bàbá lérò pé mo ṣubú ni, ó kígbe pe ìyàwó rẹ̀, ó di mí lápá mú, ó fẹ́ gbé mi dìde. Èmi ń wí pé kò sí nǹkan, òun ń wí pé kí n má mira. Tómi dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú iṣu lọ́wọ́, ẹ̀rín ń pa á kú lọ.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, a jókòó sídìí tábìlì. Darlene, ìyàwó bàbá, gbé tíì tútù wá, tó dùn bí oyin. Bàbá gbé iṣu kan lé itan bí ẹni gbọ́mọ, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Ó ní, "Kí ló dé tó ò fèsì nípàdé lọ́jọ́ yẹn?"

"Àgbà ni yín, sir. Nílé wa, a kì í bá àgbà jiyàn ní gbangba."

"Ìwọ wá bá mi jiyàn nílé mi."

"Yes, sir."

Ó rẹ́rìn-ín débi tó fi ń húkọ́. Ó gbé iṣu sórí tábìlì. "Ó dáa, jẹ́ ká jà á."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, níbi tí mo ti ń fi páǹpù àfarawé dán iṣẹ́ náà wò. Ó ní kí n kọ stop. Nínú Dusty, stop jẹ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ọ́, gbogbo páǹpù tó wà ní ibùdó yẹn ló máa dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n mo ti fún páǹpù inú mọ́ọ̀dù tuntun ní stop tirẹ̀ náà, kó lè dá dúró nígbà tó bá yẹ. Mo kọ ọ́ sáàárín ètò ọ̀kan nínú wọn. Páǹpù yẹn dúró. Àwọn yòókù ń fà lọ.

Bàbá tọ́ka sí àwọn tó ń fà lọ. Ó wá ní, "Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ á kọ stop, torí ohun tí mo kọ́ wọn láti ìgbà tí Dusty ti wà nìyẹn. Ọwọ́ ẹni yẹn ńkọ́, bí ẹ̀rọ tirẹ̀ bá ṣì ń yí lọ?"

"Ẹ ò sọ fún Trevor?"

"Mo sọ ọ́ títí ó sú mi. Wọ́n ní mò ń jowú ohun tuntun."

Mo fẹ́ sunkún. Gbogbo ìwé tí mo kà ló ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, pé ẹni tó bá súnmọ́ jù lọ ni kó kọ́kọ́ jẹ́ ìpè. Bí mo bá sì gba stop lọ́wọ́ páǹpù, ọgbọ́n tí mo fún un ti dín kù nìyẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ náà ò ní rí i jogún. Mò ń wá ọ̀nà lórí tábìlì yẹn, n kò rí i. Mo dìde, mo jókòó.

Darlene ní tirẹ̀ ń bá Tómi sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó bi í pé ṣé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wá.

Tómi ní, "Rárá o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Ká sọ òtítọ́, kò yẹ kí n máa pe orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo bá a nílé, torí náà àgbà mi ni. Ó yẹ kí n ní orúkọ kan tí màá máa pè é. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi, tí mo bá sì dá a sọ, ó máa dà bíi pé mò ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo kàn ń pe orúkọ. Mo sì ń rí ojú rẹ̀ nígbà gbogbo tí mo bá pè é."

Ó mọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ó mọ̀.

Mister Wendell ti yíjú sí wọn. "Bí ẹni tó o bá nílé bá kéré sí ọ ńkọ́?"

"Ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó o bá nílé, o bá a nílé nìyẹn."

Bàbá wò mí, èmi náà wò ó. Mo fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀.

Stop ni páǹpù tuntun bá nílé. Kó ní tirẹ̀, kò burú, kó sì fi í jogún fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ páǹpù yẹn mọ́ ọn, pé stop ti lágbájá. Bí wọ́n bá pe stop lásán, ilé ló máa jẹ́ ìpè. Gbogbo ọ̀rọ̀ àtijọ́ inú Dusty, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ́n, wọ́n dúró sípò àgbà wọn. Mo kọ ọ́ níbẹ̀, bàbá ń wo ọwọ́ mi, ó ń tọ́ka sí ibi tí mo gbàgbé. Nígbà tó kọ stop fúnra rẹ̀, gbogbo páǹpù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó gbá tábìlì. Iṣu fò sílẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, freeway kún. Mo ní, "O mọ̀, o ò sọ fún mi."

Tómi ń wo iwájú. "Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń dùn yín, ẹ ò sọ fún mi."

Òótọ́ ló sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mister Wendell dìde nínú ìpàdé, ó ní òun ti fẹ́ràn ẹ̀ báyìí. Trevor fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi mí ohun tí mo ṣe fún bàbá. Mo ní mo gbé iṣu lọ fún un. Ó lérò pé àwàdà ni. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà mí wọlé pátápátá, mo sì lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo jó níbẹ̀ ní èmi nìkan.

Mo rò pé ara mi máa balẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò balẹ̀. Mò ń wo apartment lórí fóònù, mò ń tì í pa, mò ń tún ṣí i. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń bínú kiri bí ẹni tí gbogbo ayé bá nílé. Ta ló bá mi ní Houston? Èmi ni mo bá Mister Wendell níbẹ̀. Èmi ni mo bá Dusty. Ilé tí mò ń gbé, ta ni mo bá níbẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Màámi pè. Tómi ń fọ abọ́ ní kíṣìnnì, èmi jókòó sí pálọ̀. Lẹ́yìn ìkíni, ó ní, "Ṣé ìyàwó yẹn ṣì ń pè ọ́ lórúkọ?"

Mo ní, "Màámi, nílé tibí, èmi ni mo bá a nílé."

Mo kọjú sí kíṣìnnì, mo ní, "Awẹ́lẹ́wà!"

Ìró abọ́ dá. Tómi yọ orí síta, ọṣẹ wà lápá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. "Ta nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Màámi tó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ ní kí n gbé fóònù fún un, mo sì gbé e sí i létí nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó tutù.

Màámi ní, "Awẹ́lẹ́wà, ẹ kú ilé o. Ìyàwó yín ló dé ọ̀dọ̀ yín yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Tómi ní, "Yes, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lọ jókòó, mo wọ kíṣìnnì lọ fọ abọ́.